Ọmọ mi ń sá fún omi

Ìbéèrè:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Manchester ni à ń gbé. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá kíláàsì rẹ̀ lọ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́. Bí Ọjọ́rú bá ti mọ́ báyìí, inú á máa run ún. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, etí omi ló jókòó sí títí àwọn yòókù fi ṣe tán, kò ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ rárá. Ọkọ mi ní òun á kàn tì í sómi ni, pé bí wọ́n ṣe ṣe fún òun ní Ẹ̀pẹ́ nìyẹn tí òun fi mọ omi wẹ̀. Èmi fẹ́ kọ lẹ́tà sí tíṣà rẹ̀ pé kí wọ́n yọ ọ́ sílẹ̀. Kí n má parọ́, èmi alára ò mọ omi wẹ̀, ẹ̀rù rẹ̀ sì ń bà mí. Kí ni ṣíṣe?

Ìdáhùn:

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ lẹ́tà yẹn, ẹ má sì jẹ́ kí bàbá rẹ̀ tì í sómi.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ nítorí pé mo ti kọ irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ rí, níbí ní London. Etí ni mo ní ó ń dun ọmọkùnrin mi. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni ara tù ú, èmi náà sinmi, mo rò pé mo ti ràn án lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ọmọ náà gbọ́ nínú lẹ́tà mi ni pé omi léwu lóòótọ́, àti pé ìyá òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó pé ọdún mọ́kànlá, a bá ṣọ́ọ̀ṣì lọ sétíkun ní Margate. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sáré wọ omi, wọ́n ń pariwo. Ọmọ mi dúró lórí iyanrìn, bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó kó aṣọ gbogbo wọn dání. Kò sunkún. Ó kàn ń bá wọn ṣọ́ aṣọ. Ọkàn mi bàjẹ́ débi pé oúnjẹ tí a gbé lọ ò lọ lọ́nà ọ̀fun mi.

Lóṣù yẹn ni mo forúkọ sílẹ̀ ní kíláàsì àwọn àgbà tí kò lúwẹ̀ẹ́ rí. Ọmọ ọdún 44 ni mí nígbà náà. Omi ò ju àyà mi lọ, síbẹ̀ mo lẹ̀ mọ́ irin etí rẹ̀ bí ẹyẹ tí àtè mú. Olùkọ́ wa ò ní kí n jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n gbé ẹnu sómi, kí n máa fẹ́ atẹ́gùn sí i, kó máa hó. Gbogbo ohun tí mo ṣe fún ìdajì wákàtí nìyẹn. Nígbà tí mo délé, ọmọ mi bi mí pé, “Mọ́mì, ṣé ẹ lúwẹ̀ẹ́?” Mo ní rárá, mo kàn ń fẹnu fẹ́ omi ni, àyà mi sì ń já títí mo fi jáde. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Èmi náà lè ṣe ìyẹn.”

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́. Ní 1924, Mary Cover Jones, onímọ̀ nípa ìhùwàsí ọmọdé ní Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa ọmọ kékeré kan tó pè ní Peter, tí ẹ̀rù ehoro ń bà. Bí ọmọ náà bá ń jẹ ohun tó fẹ́ràn lọ́wọ́, wọ́n á gbé ehoro nínú àgò wá sínú yàrá, wọ́n á gbé e síbi tó jìnnà tí kò ní dà á láàmú, lọ́jọ́ mìíràn wọ́n á sún un mọ́ ọn díẹ̀ sí i. Wọ́n tún ń mú àwọn ọmọ tí kò bẹ̀rù ehoro wá bá a ṣeré. Nígbà tó yá, ó ń fọwọ́ pa ehoro náà lára. Kò sẹ́ni tó gbé ehoro lé e láyà, kò sì sẹ́ni tó gbé e kúrò lójú rẹ̀ pátápátá.

Nítorí náà, ní Sátidé, ẹ mú un lọ síbi ìlúwẹ̀ẹ́ àdúgbò yín, ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wọ aṣọ omi o, torí bí ẹ bá jókòó sórí àga tí ẹ ń juwọ́ sí i, ìbẹ̀rù ojú yín ni yóò máa wò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí omi bá dé kókósẹ̀, ó tó. Òun ni kó sọ ibi tí ẹ máa dé lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n kó ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ìbáà ṣe ìwọ̀n ìka kan. Èyí tó le jù ni pé kí ẹ má jáde nígbà tí ẹ̀rù bá wà ní góńgó. Ẹ dúró sójú kan, ẹ máa bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, kí ọkàn rẹ̀ rọ̀ kẹ́ ẹ tó jáde. Bí ẹ bá sá jáde ṣáájú, ẹ̀rù náà lẹ máa gbé délé.

Bàbá rẹ̀ kò parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ bi í wò: kí wọ́n tó tì í lọ́jọ́ yẹn, ọdún mélòó ló ti fi ń ṣeré létí ọ̀sà, tó ń wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Omi kì í ṣe àjèjì sí i. Òun nìkan ló mọ omi wẹ̀ nínú ilé yín, ẹ jẹ́ kó fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀yìn ọmọ náà ró kó lè léfòó. Ìyẹn á wúlò ju títì lọ.

Ẹ sọ òótọ́ fún tíṣà rẹ̀. Ètò ẹ̀kọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní kí ọmọ lè lúwẹ̀ẹ́ tó mítà 25 kó tó kúrò ní Year 6, ọdún tó kẹ́yìn ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, kó sì mọ bó ṣe máa gba ara rẹ̀ là nínú omi, nítorí náà wọn ò fìyà jẹ ẹ́. Ẹ bẹ̀ wọ́n kó wọ omi ṣáájú kí àwọn aláriwo tó bẹ́ sínú rẹ̀. Ẹ bi ọmọ náà léèrè nípa irun rẹ̀ pẹ̀lú, torí nígbà míì, fìlà tí kò gba irun dídì ni ọmọ ń sá fún. Àjọ ìlúwẹ̀ẹ́ àgbáyé pàápàá kò gba fìlà ńlá Soul Cap, tí wọ́n ṣe fún irú irun wa, láàyè ṣáájú Òlíńpíìkì Tokyo ní 2021, 2022 ni wọ́n tó gbà á. Ní Tokyo yẹn náà ni Alice Dearing ti di obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó lúwẹ̀ẹ́ fún Britain ní Òlíńpíìkì, kìlómítà 10 gbáko. Ẹ fi fídíò rẹ̀ hàn án.

Ọmọ mi ti ń lúwẹ̀ẹ́ dáadáa báyìí. Èmi ṣì máa ń di irin etí omi mú bí mo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Mo máa ń kà dé ogún kí n tó jọ̀wọ́ rẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí mi tí Sátidé àkọ́kọ́ bá ti kọjá, kí ẹ sọ ibi tí omi dé lẹ́sẹ̀ ẹ̀yin méjèèjì.