Àmì ẹ̀yẹ wo ni Frederick Roberts, ọmọ ogun Britain, gbà nígbà tó jẹ́ ọ̀gágun ní Íńdíà?

Victoria Cross, àmì ẹ̀yẹ ìgboyà ti Britain, ló ga jù nínú wọn. Lọ́jọ́ kejì oṣù Kíní ọdún 1858, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Íńdíà ṣọ̀tẹ̀ sí Britain, ó gba ẹlẹ́ṣin kan lọ́wọ́ ikú ní Khudaganj, ó sì já àsíá gbà lọ́wọ́ ọ̀tá.

Kanpur ní Íńdíà gan-an ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1832. Ní oṣù Kẹjọ 1880, ó kó nǹkan bí 10,000 ọmọ ogun rìn láti Kabul dé Kandahar ní Afghanistan, ọ̀nà tó lé ní 300 máìlì, láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Idẹ àgbá ogun tí wọ́n gbà ni wọ́n fi rọ ìràwọ̀ ẹ̀yẹ fún àwọn tó rin ìrìn náà. Kódà Vonolel, ẹṣin rẹ̀, gba tirẹ̀ lọ́wọ́ Ọbabìnrin Victoria!

Láti 1885 sí 1893, òun ni olórí ọmọ ogun Íńdíà. Èyí tó ń dùn mí jù ni ti Freddy ọmọ rẹ̀: òun náà gba Victoria Cross, àmọ́ ọgbẹ́ tó gbà lójú ogun Colenso ní Gúúsù Áfíríkà ló pa á, ní oṣù Kejìlá 1899.