Ẹ má ṣe ṣán ju ibi tí apá yín ká lọ

Ẹ̀yin tọkọtaya tí ẹ ra éékà 3 ilẹ̀ igbó lọ́nà Ìjù, tí ẹ sọ pé ẹ kò roko rí, tí ẹ sì ń béèrè bóyá kí ẹ gba katapílà kí ó pa gbogbo igbó náà kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ yín, ẹ dúró ná. Èmi àti ìyàwó mi ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an ní ìhà Ìta Ògbólú, ọdún 4 ni ó sì gbà kí ilẹ̀ wa tó bọ̀ sípò.

Katapílà yẹn wọ́ erùpẹ̀ dúdú tí ewé jíjẹrà ti sọ di ọlọ́ràá lọ sí etí ààlà, ó sì fi ilẹ̀ pupa líle sílẹ̀ fún wa. Àgbàdo tí a gbìn sórí rẹ̀ pọ́n lẹ́wé, kò sì ga kọjá orúnkún, nígbà tí elégédé tí ẹnikẹ́ni kò gbìn ń fà gbọọrọ lórí òkìtì erùpẹ̀ tí ó wà létí ààlà. Lẹ́yìn èyí ni owó ìroko dé. Ẹ̀gẹ́ tí a tún gbìn ń fẹ́ kí a ro ó bí ìgbà 3 láàárín oṣù 3 àkọ́kọ́, kí ewé rẹ̀ tó bo ilẹ̀; ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni owó wa ká a lórí éékà 3, nígbà tí yóò sì fi di oṣù kẹfà, koríko tí à ń pè ní ẹ̀kan ti gba oko, bẹ́ẹ̀ ni bí a bá fi àdá gé ẹ̀kan, gbòǹgbò rẹ̀ yóò tún hù.

Éékà kan jẹ́ nǹkan bíi pulọ́ọ̀tì 6 tí ó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 60 sí 120. Bí ó bá jẹ́ tèmi ni, pulọ́ọ̀tì 3 ni kí ẹ fi àdá ṣán lọ́dún yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí ìyókù sinmi nínú igbó rẹ̀. Bí ẹ bá fi àlàfo ẹsẹ̀ bàtà 10 gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà síbẹ̀, yóò gbà tó 200, ẹ sì lè fi ẹ̀gúsí bo àárín rẹ̀ kí koríko má baà ríbi hù.

Lórí ọ̀gẹ̀dẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ti fetí sílẹ̀ jù lọ. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a kọ́kọ́ rà tutù yọ̀yọ̀, ewé rẹ̀ sì fẹ̀, àṣé irú èyí tí kò yẹ kí a rà nìyẹn. Èyí tí ó lágbára ni èyí tí ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí idà, tí ìdí rẹ̀ sì tóbi. Kòkòrò dúdú tí ó máa ń lu ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tilẹ̀ ti wà nínú wọn kí wọ́n tó dé oko wa. Nígbà tí ìjì àkọ́rọ̀ ọdún kejì jà, igi tí ó ti so wó lóru ọjọ́ kan ṣoṣo, ìyàwó mi sì ka 90 nínú wọn pẹ̀lú omijé. Láti ìgbà náà, mo máa ń fi ọ̀bẹ bó ìdí ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ títí yóò fi funfun, mo máa ń ju èyí tí mo bá rí ihò dúdú nínú rẹ̀ nù, mo sì máa ń ri ìyókù bọ inú omi híhó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30, tí n kì í jẹ́ kí ó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó má baà jinná.

Ní ti adìyẹ tí ẹ fẹ́ sìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sílẹ̀ di ọdún tí ń bọ̀. Oṣù kẹsàn-án ni a gbẹ́ kànga tiwa, omi rẹ̀ sì pọ̀ dé ibi tí a fi kọ́ ilé adìyẹ láìronú. Nígbà tí ó fi di oṣù kejì ọdún tí ó tẹ̀lé e, garawa wa ń gbé ẹrẹ̀ bọ̀ wá sókè. Àárín ẹ̀rùn, kí òjò àkọ́kọ́ tó rọ̀, ni kí ẹ gbẹ́ tiyín, kí ẹ sì bi àwọn tí oko wọn bá tiyín pààlà bí kànga wọn ṣe máa ń rí nígbà náà.