Ilé àwọn sísítà mélòó ni Teresa ti Ávila dá sílẹ̀?

Mẹ́tàdínlógún ni, Spéìn sì ni gbogbo wọn wà. (Ẹni mímọ́ ìjọ Kátólíìkì ni Teresa yìí, ará ìlú Ávila ní Spéìn; kì í ṣe Mother Teresa ti Kolkata o.)

Ọdún 1515 ni wọ́n bí i, ó sì wọ ilé àwọn sísítà Kámẹ́lì, ẹgbẹ́ ìsìn kan nínú ìjọ Kátólíìkì, ní Ávila lọ́dún 1535. Ilé ọ̀hún kún fọ́fọ́: àwọn ọmọ olówó ní yàrá tiwọn àti ọmọ ọ̀dọ̀, àlejò ń wọlé, àlejò ń jáde. Kò tẹ́ Teresa lọ́rùn. Lọ́dún 1562, ó fi obìnrin mẹ́rin péré bẹ̀rẹ̀ ilé kékeré kan tó fi orúkọ Jósẹ́fù Mímọ́ pè. Ni ìlú bá gbóná! Ìgbìmọ̀ ìlú gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sílé ẹjọ́, torí kò sí owó kankan nílẹ̀ tí wọn yóò fi máa jẹun.

Ti Medina del Campo lọ́dún 1567 ló dùn mọ́ mi jù. Òru ni wọ́n débẹ̀, ilé tó ti ń wó ni wọ́n bá. Wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n fi aṣọ bo ara ògiri, nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, Máàsì ti yá. Kẹ̀kẹ́ tí ìbaaka ń fà ló ń gbé e káàkiri títí dé Burgos, èyí tó dá kẹ́yìn, lọ́dún 1582.

Alẹ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ló kú ní Alba de Tormes. Ọjọ́ kejì rẹ̀ jẹ́ 15, torí òru náà gan-an ni wọ́n yí kàlẹ́ńdà padà, tí wọ́n fo ọjọ́ mẹ́wàá. Òun ló fà á tí ìrántí rẹ̀ fi bọ́ sí 15 oṣù Kẹwàá.