Ọlidé gígùn ní Àkúrẹ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ tówó ọwọ́ rẹ̀ ò pọ̀

Àbúrò, ìbéèrè rẹ ni pé ọlidé ọ̀sẹ̀ 8 ti dé, o ò fẹ́ lọ jókòó sílé, owó ọwọ́ rẹ ò sì ju owó oúnjẹ oṣù kan lọ. O fẹ́ mọ ohun tó ṣeé ṣe láàárín Àkúrẹ́ sí Oǹdó tí gbèsè ò fi ní wọ̀ ọ́ lọ́rùn kí ẹ tó wọlé padà.

Kọ́kọ́ ka owó ọkọ̀. Òun ló ń jẹ owó ọlidé akẹ́kọ̀ọ́ run ju fàájì lọ. Ẹni tó ń wọ ọkọ̀ méjì lọ, tó tún ń wọ méjì bọ̀, fún ọjọ́ 5 lọ́sẹ̀, ti san owó ọkọ̀ nígbà 20 lọ́sẹ̀ kan. Ní ọ̀sẹ̀ 8, ó di ìgbà 160. Bí South Gate FUTA (yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́) ni ò ń gbé, ibẹ̀ náà ni kí o ti wá nǹkan ṣe. Má tìtorí pé iṣẹ́ kan dára ní Alágbàká kí o máa ná èrè rẹ̀ sójú ọ̀nà. Bí họ́sítẹ́ẹ̀lì bá sì ti tilẹ̀kùn, tí ọ̀rẹ́ fẹ́ gbà ọ́ sí yàrá, ẹ sọ̀rọ̀ owó iná àti gáàsì kí o tó gbé báàgì wọlé. Ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́sìn, ìyẹn kíkọ́ ọmọ ilé ìwé ládùúgbò, ni owó ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kéré jù: ṣọ́ọ̀kì, pátákó kan, ó tán. Ọmọ 6 tó fún ọ, wákàtí 2, ọjọ́ 3 lọ́sẹ̀, ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì nìkan. Má da ọmọ Praimárì 3 pọ̀ mọ́ ọmọ JSS 2, torí àwọn kékeré á máa ṣeré, àwọn àgbà á máa sùn, àwọn òbí á sì ní o ò mọ̀ ọ́n kọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí àgbàlagbà wà nílé ni kí o ti kọ́ wọn, má kó ọmọ ọlọ́mọ wọ yàrá rẹ. Ọjọ́ Ajé ni kí o máa gba owó ọ̀sẹ̀ náà. Ẹni tó ní òun á san ní ìparí oṣù máa ń ní ìnáwó mìíràn tí oṣù bá parí.

Ìpékeré ni mo fẹ́ fi ara balẹ̀ sọ, torí ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ìtí kan ṣoṣo sì tó bẹ̀rẹ̀. Lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀. Èyí tó gbó dáadáa tí kò tíì pọ́n rárá ni kí o rà: èèpo rẹ̀ ṣì tutù bí ewé, igun ara rẹ̀ ti ń fẹ́ di róbótó, ó sì wúwo lọ́wọ́. Èyí tí igun rẹ̀ ṣì mú ò tíì gbó, ìpékeré rẹ̀ máa ń le, kì í sì í dùn. Èyí tó ti ń pọ́n ní ṣúgà nínú, á pupa nínú òróró kó tó gbẹ, lọ́jọ́ kejì á ti rọ̀.

Fi òróró pa ọwọ́ àti ọ̀bẹ kí o tó bó o, torí oje rẹ̀ máa ń dúdú lára aṣọ, kì í sì í lọ. Gé orí àti ìdí, fi ọ̀bẹ la èèpo lọ́nà mẹ́ta, kí o ti àtàǹpàkò bọ abẹ́ rẹ̀. Jù ú sínú omi tí o fi iyọ̀ síbí ọbẹ̀ kan sí lítà 2, kó má baà pàwọ̀ dà. Tí o bá ti bó o tán, nu omi ara rẹ̀ kúrò pátápátá. Omi ló máa ń mú òróró hó bo ojú agbada, tó sì ń ta síni lára. Irin ìrẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni kí o fi rẹ́ ẹ, kó nípọn tó mìlímítà 2. Ti ọ̀bẹ kì í dọ́gba: àwọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á ti jóná kí àwọn tó nípọn tó jinná.

Lítà 2 òróró nínú agbada, ẹ̀kúnwọ́ méjì ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ju ẹyọ kan sí i kí o fi dán an wò: bó bá rì, tó sì léfòó láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan pẹ̀lú ìhóhò yí i ká, òróró ti gbóná tó. Máa jù wọ́n sí i lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n má baà lẹ̀ mọ́ra. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 4 sí 5, fetí sílẹ̀: ariwo òróró á lọ sílẹ̀, ìhóhò á dín kù, torí omi inú ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń tán. Kó o nígbà tí àwọ̀ rẹ̀ bá ṣì fúyẹ́, torí á ṣì máa pupa sí i nínú ajẹ̀rẹ̀. Má fi ìwé ìròyìn gba òróró ara rẹ̀, tàdáwà ibẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ.

Jẹ́ kó tutù pátápátá kí o tó dì í, ó kéré tán ìṣẹ́jú 40. Bí o bá dì í ní lílọ́wọ́ọ́wọ́, wàá rí ìrì kíkán nínú ọ̀rá, tí ilẹ̀ bá fi mọ́, kò ní pariwo lẹ́nu mọ́. Ọ̀rá tó nípọn ni kí o rà. Bí o ò bá ní ẹ̀rọ ìdìpọ̀, fi abẹ ayùn irin mú ẹnu ọ̀rá, kí etí rẹ̀ yọ díẹ̀ bíi mìlímítà 2, kí o wá fà á gba ẹ̀gbẹ́ iná àbẹ́là kọjá lẹ́ẹ̀kan. Tẹ̀ ẹ́ wò. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jáde, dì í lẹ́ẹ̀kejì.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbà kí o lo òróró kan, kí o máa sẹ́ ẹ láàárín. Bó bá ti dúdú tàbí tó ń rú èéfín kó tó gbóná, dà á nù.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń pàdánù ni owó títà. Kìlò 10 ọ̀gẹ̀dẹ̀ tútù pẹ̀lú èèpo kì í fúnni ju nǹkan bíi kìlò 3 ìpékeré lọ, á sì ti mu òróró tó bíi lítà kan. Ro owó ọ̀gẹ̀dẹ̀, òróró, gáàsì, ọ̀rá àti ọkọ̀ pọ̀, pín in sí iye ọ̀rá (gíráàmù 50 lọ́kọ̀ọ̀kan á fún ọ ní 60), kí o tó fi èrè lé e. Ilé ìgẹrun àti ilé aránṣọ àdúgbò ni kí o kọ́kọ́ gbé e lọ. Ṣọ́ọ̀bù ńlá á béèrè nọ́ńbà NAFDAC (àjọ ìjọba tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn) lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn ti kọjá ti ọlidé kan.

Fàájì náà ṣe pàtàkì, ara tó ṣe sẹ́mẹ́sítà ń fẹ́ ìsinmi. Yan ọjọ́ kan fún Òkè Ìdànrè, inú oṣù Kẹjọ nígbà tí òjò sábà máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀, torí àpáta tútù ń yọ̀. Ẹ jẹ́ mẹ́rin kí ẹ lè pín owó ọkọ̀ àti ti ẹni tó máa mú yín gòkè. Bàtà tó di ilẹ̀ mú, kì í ṣe sílípáàsì. Omi lítà kan ààbọ̀ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Oúnjẹ láti ilé. Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600, ibi ìsinmi sì wà lójú ọ̀nà. Àwọn tó ń sáré gun àkọ́kọ́ ló ń jókòó sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ìdajì. Lókè ni ìlú àtijọ́ wà, ààfin àti kóòtù rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ti sọ̀ kalẹ̀ láti bíi ọdún 1920 sókè. Láti 2007 ni ó ti wà lára àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kó tó di aago 2, orúnkún ló máa ń ro èèyàn jù nígbà sísọ̀, ẹ ó sì rí ọkọ̀ wọ padà sí Àkúrẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Kíkọ́ṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 8 ńkọ́? Má sọ pé o fẹ́ kọ́ ìránṣọ. Sọ fún ọ̀gá pé síìpù pípààrọ̀ àti etí ṣòkòtò kíká ni o wá kọ́, kí ẹ kọ iye owó àti ọjọ́ tó máa parí sílẹ̀. Láìṣe bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ gbígbá àti iṣẹ́ jíjẹ́ ni wàá fi ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́ ṣe.