Ọwọ́ Mi Ń Gbọ̀n Bí Mo Bá Ń Ka Owó

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Tẹ́là ni mí ní báńkì kan ní Marina, Ìkòròdú sì ni ilé mi. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí. Ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, owó dín lọ́wọ́ mi ní ₦80,000, wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó oṣù mi. Láti ìgbà náà, ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo bá ń ka owó, àyà mi a sì máa já láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọkọ mi ní kí n fiṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé kí n fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì kọ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ kankan o. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ohun tó ń mú ọwọ́ yín gbọ̀n ná.

Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ara a da èròjà kan tó ń jẹ́ adrenaline sínú ẹ̀jẹ̀. Ọkàn a máa sáré, ọwọ́ a máa gbọ̀n, ojú a máa wá ewu kiri. Bó bá jẹ́ pé ejò ló wà níwájú yín, oore ńlá nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ewu kiri kò lè fọkàn sí ìdì owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rù pé owó yóò dín ló tún ń mú kí owó dín.

Nítorí náà, ẹnu kaúńtà gan-an ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ má dúró di ìgbà tí báńkì bá tilẹ̀kùn kí ẹ tó ṣe bàláǹsì. Ẹ ṣe é ní aago mọ́kànlá, kí ẹ tún ṣe é ní aago kan. Bí owó bá dín ní aago mọ́kànlá, ìwọ̀nba oníbàárà àárọ̀ nìkan lẹ ó tọpasẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, èrò rẹpẹtẹ ti kọjá. Kí ẹ tó pe ẹni tó kàn, ẹ mí sínú, kí ẹ wá rọra mí síta pẹ́ títí, lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹni tó bá ń kígbe pé kí ẹ ṣe kíá, ẹ jẹ́ kó kígbe.

Ní ti ₦80,000 yẹn, inú mi ò dùn sí i rárá. Abala 5 Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa kò fún agbanisíṣẹ́ láyè láti ṣàdédé yọ owó òṣìṣẹ́ nítorí àdánù: ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ jẹ́ pé òṣìṣẹ́ náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tàbí pé kò bìkítà. Ẹ bi ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ báńkì, NUBIFIE tàbí ASSBIFI, bóyá báńkì yín gba ìwé àṣẹ náà. Bí ẹ bá sì ti wà lẹ́nu kaúńtà ní oṣù kejì ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun wọ́n bí ojú, tí wọ́n ń dáná sun báńkì ní Ṣágámù, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀rù yín ti ju ọmọ oṣù mẹ́ta lọ.

Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé to àmì mẹ́ta tí a fi ń mọ ẹni tí iṣẹ́ ti tán lókun: ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, iṣẹ́ náà sú u, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ká a mọ́. Nínú lẹ́tà yín, mi ò rí i pé iṣẹ́ sú yín. Ẹ̀rù ló ń bà yín, ẹ̀rù sì ṣeé tọ́jú.

Ọkọ yín fẹ́ràn yín. Ẹ ní kó gba iṣẹ́ ilé ní alẹ́ lọ́wọ́ yín, kí ẹ lè sùn ní aago mẹ́sàn-án; wákàtí méje nìyẹn títí di aago mẹ́rin. Láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Bó bá ń wà ní 140/90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ léraléra, ẹ rí dókítà. Kí wọ́n yẹ thyroid yín, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà ní ọrùn, wò pẹ̀lú, torí bó bá ń ṣiṣẹ́ jù, òun náà máa ń mú ọwọ́ gbọ̀n, kí àyà sì máa lù kìkì. Bí ìrònú ikú bá wá sọ́kàn yín, ẹ má sùn lé e: ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Yaba.

Ẹ gba lífù yín, kí ẹ sì bẹ ọ̀gá yín kó gbé yín kúrò nídìí owó fún ìgbà díẹ̀. Bí ọwọ́ bá ṣì ń gbọ̀n lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ kọ̀wé sí mi, ká wá jọ sọ̀rọ̀ lẹ́tà ìfiṣẹ́sílẹ̀ yẹn.