Èsì: Ṣé màmá mi lè bá ẹgbẹ́ àgbà rìn létí adágún lóṣù Kẹwàá?

Àǹtí mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá o. Ẹ ní ẹgbẹ́ àgbà ṣọ́ọ̀ṣì yín fẹ́ rin Lakefront Trail, ọ̀nà tó gba etí adágún Lake Michigan ní Chicago, pé orúnkún màmá ló ń bà yín lẹ́rù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ jàre. Ọ̀nà yẹn gùn tó máìlì 18 lóòótọ́ àmọ́ ta ló ní kí wọ́n rìn ín tán? Ilẹ̀ ibẹ̀ tẹ́jú, kò sí òkè tó máa da orúnkún láàmú, wọ́n sì ti ya ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kúrò lára ti oníkẹ̀kẹ́ láti 2018, kí ẹ ṣáà sọ fún màmá pé tí wọ́n bá fẹ́ sọdá kí wọ́n wo ọ̀tún wo òsì dáadáa torí àwọn oníkẹ̀kẹ́ yẹn máa ń sáré gan-an.

Atẹ́gùn ni wàhálà. Oòrùn lè máa ràn nílé yín kí atẹ́gùn Lake Michigan máa gé èèyàn létí, èmi àti màmá tèmi lọ lọ́jọ́ kan a ò mú fìlà dání, ṣe la sáré padà sínú mọ́tò, ó dùn mí gan-an. Ẹ wọ aṣọ lé aṣọ fún wọn, ẹ bo etí wọn, ẹ gbé tíì gbígbóná sínú fláàsì. Tí ìgbì bá sì ń fò gun orí kọnkéré kí wọ́n má sún mọ́ etí omi rárá.

Ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n ya Montrose tó wà létí ọ̀nà yẹn o, àwọn ẹyẹ tó ń ṣí lọ sí gúúsù máa ń bà síbẹ̀ lásìkò ìwọ́wé, màmá á gbádùn ẹ̀.