Ìrun Lórí Àga, Àlùwàlá àti Iṣẹ́ Abẹ Orúnkún

ÌBÉÈRÈ: Àsàláámù aláékúmù, àlífáà wa. Ẹni ọdún 63 ni mí, Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, aṣọ ni mò ń tà. Ó ti lé lọ́dún márùn-ún tí orúnkún mi ọ̀tún ti ń dùn mí. Dókítà eegun ya fọ́tò rẹ̀, ó ní kèrékèré inú rẹ̀ ti jẹ tán, àfi kí wọ́n pààrọ̀ oríkèé náà. Orí àga ni mo ti ń kírun láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n arábìnrin kan ní mọ́ṣáláṣí wa ní ìrun mi kò dáa. Ẹlòmíràn ní ẹni tó bá gbára lé Ọlọ́hun kì í lọ gba irin sára, àti pé irin náà kì í jẹ́ kí àlùwàlá mọ́. Báwo ni kí n ṣe ìrun ọjọ́ iṣẹ́ abẹ? Owó tí mo tù jọ fún Mẹ́kà sì ni àwọn ọmọ ní kí n fi ṣe é. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

ÌDÁHÙN: Wa aláékúmù sàláámù, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun fún yín ní àlàáfíà tó kárí ara.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ irin kúrò nílẹ̀, torí òun ló rọrùn jù. Nínú hádíìsì (ọ̀rọ̀ Ànábì tí wọ́n gbà wá) Usāma ọmọ Ṣarīk, èyí tí Abū Dāwūd àti Tirmidhī gbà wá, Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ní kí àwọn ẹrú Ọlọ́hun máa wá ìwòsàn, torí kò sí àrùn tí Ọlọ́hun dá tí kò dá oògùn rẹ̀, àyàfi ogbó. Àwọn kan máa ń di gbólóhùn ìkẹyìn yẹn mú pé orúnkún àgbà kò ní oògùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ orí ni kò ṣe é dá padà. Oríkèé tó ń ro, àrùn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Sàábé (ẹmẹ̀wá Ànábì) kan wà tó ń jẹ́ Arfaja ọmọ As'ad. Wọ́n ti gé imú rẹ̀ lójú ogun kí Ìsìláàmù tó dé. Ó fi fàdákà rọ òmíràn, ó ń rùn, Ànábì wá ní kó fi wúrà ṣe é. Wúrà tí kò tọ́ kí ọkùnrin fi ṣe ọ̀ṣọ́ lara nìyẹn, nítorí ìtọ́jú. Ti orúnkún yín kò tiẹ̀ tó ìyẹn: wọn á gé díẹ̀díẹ̀ kúrò lójú eegun itan àti ti ojúgun níbi tí wọ́n ti pàdé, wọn á fi irin dé wọn lórí, wọn á wá fi ike líle sáàárín kí irin má ha irin. Abẹ́ awọ ló wà, awọ sì ni omi àlùwàlá ní í kàn. Bí ẹni tí irin náà wà lára rẹ̀ bá kú, wọn kì í yọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe máa wẹ̀ ẹ́.

Ọ̀rọ̀ àga ló gba àlàyé. Arábìnrin yẹn kò jẹ̀bi tán, kò sì jàre tán. Imrān ọmọ Husayn bi Ànábì nípa ìrun nítorí àìsàn jẹ̀díjẹ̀dí tó ń ṣe é. Èsì tó gbà, tó wà nínú ìwé hádíìsì Bukhārī, ni pé kó dúró kírun. Bí kò bá lè dúró, kó jókòó. Bí kò bá lè jókòó, kó fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Ipele ni wọ́n, a kì í fo ọ̀kan. Ohun tí ara kò bá lè ṣe nìkan ló bọ́ sílẹ̀, ohun tó kù ṣì wà lọ́rùn. Ìyá tó bá lè dúró wọn aṣọ ọ̀pá mẹ́fà fún oníbàárà, tó sì lè dúró dúnàádúrà, kò lè sọ pé òun kò lè dúró ka Fátíhà. Ìforíkanlẹ̀ ni orúnkún yín kọ̀, kò kọ ìdúró.

Nítorí náà, ẹ dúró gbé kábárà, ẹ dúró ka Fátíhà àti Súrà kúkurú. Ẹ tẹ̀ba láti orí ìdúró, ẹsẹ̀ kò nílò kó ká kí èèyàn tó tẹ̀ba. Ẹ nàró padà, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó jókòó sórí àga fún ìforíkanlẹ̀: ẹ tẹ ara síwájú dé ibi tí agbára yín mọ, ọwọ́ lórí itan. Ẹ má gbé tábìlì tàbí ìrọ̀rí síwájú láti fi orí lé, kò sí nínú rẹ̀. Ẹni tí kò bá lè dúró rárá, tó jẹ́ orí ìjókòó ló ti ń tẹ̀ba, kí ó jẹ́ kí ti ìforíkanlẹ̀ wálẹ̀ ju ti ìtẹ̀ba lọ. Bó bá jẹ́ dídìde láti orí àga ló ń mú ìrora wá, ẹ dúró ní rákà àkọ́kọ́, kí ẹ jókòó parí ìyókù. Ìrun nàfílà (èyí tí kì í ṣe ọ̀ranyàn) ní tirẹ̀ rọrùn, ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá lè jókòó kí i, kìkì pé ìdajì ẹ̀san ni.

Àga alápá ló dáa, kí ibi ìjókòó rẹ̀ ga ju orúnkún yín lọ díẹ̀. Àga ike tí a gbé sórí táìsì máa ń yọ̀ nígbà téèyàn bá fẹ́ dìde. Ẹ tẹ́ ẹní sábẹ́ rẹ̀. Ìpẹ̀kun sàfù (ìlà àwọn tó ń kírun) ni kí ẹ wà, torí ẹsẹ̀ yín ló máa bá ti àwọn yòókù dọ́gba, àga á sì yọ sẹ́yìn.

Àwọn ìrun tó ti kọjá ńkọ́? Èyí tí ìrora mú yín jókòó kí ti dáa. Èyí tó bá dá yín lójú pé ẹ lè dúró, tó jẹ́ pé bó ṣe mọ́ yín lára lẹ ṣe jókòó, ohun tí ọkàn mi balẹ̀ lé lórí nílànà Màlíkì (ọ̀kan nínú ìlànà òfin Ìsìláàmù) tá à ń tẹ̀ lé ni kí ẹ fojú díwọ̀n rẹ̀, kí ẹ máa san án díẹ̀díẹ̀. Ẹ má torí rẹ̀ gbààwẹ̀ ìbànújẹ́.

Ó wá ku ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Wọ́n sábà máa ń ní kí èèyàn má jẹun fún wákàtí 6 ṣáájú, kó má sì mu omi fún wákàtí 2, bí dókítà akunnilóorun bá ṣe là á sílẹ̀. Kì í ṣe ààwẹ̀, kò ní àníyàn, kò sì ní sààrì. Ẹni tó bá jẹ sààrì ní agogo 5 kó tó wọ tíátà ní agogo 8, wọ́n lè dá a padà sílé, nítorí oúnjẹ tó bá bì lójú oorun lè bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bó bá bọ́ sínú oṣù Ràmàdáánì, ẹ ní kí wọ́n sún un síwájú tí dókítà bá gbà, torí kì í ṣe iṣẹ́ pàjáwìrì. Bí kò bá gbà, ẹ jẹ ààwẹ̀ náà, kí ẹ san án lẹ́yìn ìwòsàn.

Ẹ kí Àsùbáà ní wọ́ọ̀dù kí wọ́n tó gbé yín. Bí wọ́n bá mú yín wọlé láàárọ̀, tó ṣeé ṣe kí Àìlà bá yín níbẹ̀, ẹ ti pinnu pé ẹ máa kí i pọ̀ mọ́ Àlàásárì. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn tí Àìlà wọlé ni wọ́n fẹ́ gbé yín, ìlànà Màlíkì gbà fún aláìsàn tó ń bẹ̀rù pé òun kò ní mọ nǹkan kan lásìkò Àlàásárì láti kí méjèèjì ní àsìkò Àìlà. Rákà 4, 4 ni o: ìrìn-àjò ló ń gé ìrun kúrú, àìsàn kì í gé e. Bí ẹ bá ṣe é níbí ní ilé ìwòsàn LAUTECH tàbí Bowen ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sí gígé. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ sí UCH, Ìbàdàn jìnnà tó bíi kìlómítà 100, ẹ ó gé e lójú ọ̀nà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ máa lò tó ọjọ́ 4 gbáko níbẹ̀, ẹ kí i pé láti ọjọ́ tí ẹ dé.

Abẹ́rẹ́ inú ọ̀pá ẹ̀yìn ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ orúnkún rẹ̀: ìsàlẹ̀ á kú, ojú á là. Bí àsìkò bá fẹ́ kọjá, ẹ fi orí júwe ìrun lórí bẹ́ẹ̀dì. Bí wọn kò bá lè yí bẹ́ẹ̀dì sí Gábàsì, ibi tí ẹ kọjú sí tó. Bó bá jẹ́ pé wọ́n kùn yín lóorun pátápátá, ẹ san èyí tó bá kọjá bí ẹ bá ti jí. Rọ́bà ìtọ̀ tí wọ́n fi sí yín lára kò dá ìrun dúró, ẹjẹ̀ tó ń jáde lójú ọgbẹ́ kì í sì í ba àlùwàlá jẹ́ lọ́dọ̀ Màlíkì.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í rèé: wọ́n rò pé báńdéèjì orúnkún ti sọ àlùwàlá di taiyamámọ̀ (ìmọ́ra tí a ń fi erùpẹ̀ tàbí òkúta ṣe dípò omi). Orúnkún kò sí nínú àlùwàlá! Ọrùn ẹsẹ̀ ni ó parí sí. Kí ọmọ gbé abọ́ wá, kó bu omi sí yín lẹ́sẹ̀, ẹ má bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àyàfi bí báńdéèjì tàbí ìbọ̀sẹ̀ gígùn tó ń fún ẹsẹ̀ bá bo àtẹ́lẹsẹ̀, tí nọ́ọ̀sì ní kí ẹ má bọ́ ọ, ni ẹ ó fi ọwọ́ tútù pa á lórí. Ìwẹ̀ ọ̀ranyàn ló kan orúnkún: ẹ wẹ gbogbo ara, ẹ fọwọ́ tútù pa orí báńdéèjì náà. Kò ní iye ọjọ́, títí tí wọ́n á fi yọ okùn, bí ọ̀sẹ̀ 2 sí i. Bí kò bá sí ẹni tó máa bu omi fún yín, ẹ ní kí wọ́n gbé òkúta mímọ́ kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún taiyamámọ̀, kí ẹ ṣe taiyamámọ̀ ọ̀tọ̀ fún ìrun ọ̀ranyàn kọ̀ọ̀kan.

Ohun tó kan ìmúrasílẹ̀ ara, ẹ má fi àgbo pamọ́ fún dókítà. Àwọn ewé kan máa ń mú kí ẹjẹ̀ ṣòro dá, ẹ dá gbogbo rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú. Èyí tó burú jù ni ìyẹ̀fun aláìlórúkọ tí wọ́n ń tà fún oríkèé, tó máa ń mú ìrora lọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Nígbà mìíràn, sítẹ́rọ́ìdì ni wọ́n lọ̀ sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ti ń lò ó pẹ́, ẹ sọ ọ́, torí dídá a dúró lójijì lè jẹ́ kí agbára ara já lórí tábìlì iṣẹ́ abẹ. Kí ẹnikẹ́ni má sín gbẹ́rẹ́ sí orúnkún náà. Ọgbẹ́ tútù, egbò àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀, eyín tó ń kẹ̀, àrùn inú ìtọ̀, gbogbo wọn ni kòkòrò lè gbà dé ara irin, bó bá sì débẹ̀, wọ́n lè ní láti tún un ṣí. Làálì kì í dí omi àlùwàlá, ṣùgbọ́n ẹ má lé e sí ìka ọwọ́: èyí tó bá dúdú lè ṣi ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka lọ́nà láti ka afẹ́fẹ́ inú ẹjẹ̀. Tírà ní tirẹ̀, wọ́n á ní kí ẹ bọ́ ọ. Ẹ bọ́ ọ, kí ẹ sì ka Áyátú Kúrísíyù.

Ẹ béèrè oògùn tí wọ́n máa lò kí ẹjẹ̀ má dì sí iṣan ẹsẹ̀. Abẹ́rẹ́ enoxaparin, ara ìfun ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n ti mú un jáde. Oníṣègùn ní oògùn mìíràn tí kì í ṣe láti ara ẹlẹ́dẹ̀, bíi hóró rivaroxaban. Bí ó bá ní kò sí èyí tó lè rọ́pò rẹ̀ fún yín, ẹ gbà á, ìnira ló sọ ọ́ di ẹ̀tọ́. Dókítà ọkùnrin kò burú bí obìnrin kò bá sí. Ẹ ní kí nọ́ọ̀sì obìnrin wà níbẹ̀, kí wọ́n má ṣí ju ẹsẹ̀ tí wọ́n fẹ́ ṣe lọ.

Lẹ́yìn ìwòsàn, bí oníṣẹ́ abẹ bá ní ẹ lè kúnlẹ̀, ìforíkanlẹ̀ orí ilẹ̀ padà di ọ̀ranyàn. Bí ó bá ní rárá, ẹ wà lórí àga. Ìkúnlẹ̀ kí àgbà, ẹ fi sílẹ̀ pátá, kò sẹ́ni tó máa bi yín. Ti oríkèé ìbàdí ló le jù: ẹni tí wọ́n bá pààrọ̀ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ jókòó sórí àpótí kékeré tàbí kó ká itan mọ́ àyà ní bí ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 àkọ́kọ́, kó má baà yẹ̀.

Ní ti owó Mẹ́kà, òótọ́ làwọn ọmọ ń sọ. Ẹni tó bá ní ìkápá ni Háájì di dandan fún nínú Súrà Āl-Imrān, áyà 97, ìkápá sì ní ara nínú. Sáfà sí Màríwà nìkan, nígbà 7, ó súnmọ́ kìlómítà 3, kí a tó ka yíyí Kábà po nígbà 7. Ẹ fi owó náà wo ẹsẹ̀ yín. Bí Ọlọ́hun bá tún pèsè, kí ẹ mú ìwé dókítà dání lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ èèyàn wò níbẹ̀ lè dún sí orúnkún yín.